Ẹ̀kọ́ Kẹta, Ọjọ́ Àìkú

Ìwé tuntun láti Bàgídádì kò tíì dé.
Ọ̀gá ní kí n ṣì máa lo ti èṣí.
Ti èṣí, eku ti jẹ Súmà,
ó jẹ ẹ́ láti etí dé àárín,
Íjíbítì nìkan ló ṣẹ́ kù.

Mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí Yúfírétì ní ìdájí,
mo bu amọ̀ kún ike tí ìyá ọkọ mi fi ń ṣan ìrẹsì,
ìyá tí kì í gbàgbé.

Ọmọbìnrin mọ́kàndínlógójì, fèrèsé méjì,
fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù.
Mo ní: Ẹ pa ìwé dé. Ẹ tẹ́ ọwọ́.
Ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan, ẹyọ esùsú kan,
mo ti fi ọ̀bẹ gé ẹnu esùsú náà ní igun mẹ́ta.
Nófà ní: «Olùkọ́, ṣé a ó sè é ni?»
Ẹ̀rín sọ. Mo jẹ́ kí ó tán.

Mo ní: Ẹ wo Úrúkù, bọ́ọ̀sì àárọ̀ á dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.
Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ àmì sára amọ̀ níbẹ̀,
kì í ṣe ìtàn ọba ni wọ́n jókòó kọ,
kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́.
Wọ́n kọ iye ọkà báálì.
Wọ́n kọ àgùntàn tó wọlé, wọ́n kọ èyí tí kò padà.
Ẹnu a máa yẹ̀. Ọkàn a máa fò ó.
Amọ̀ tó bá ti gbẹ, ó ti gbẹ.
Ó yá, ẹ kọ ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sẹ́.

Yàrá pa rọ́rọ́.
Esùsú ń tẹ amọ̀, tẹ amọ̀,
bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lẹ́bàá omi.
Nófà kọ owó ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yá tí kò san,
ó tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀ débi pé esùsú dá.
Búdúrì ya ìwo ẹfọ̀n, orí mọ́kànlá,
ó tún fi àtàǹpàkò pa mẹ́rin rẹ́.
Mo bi í. Ó ní: «Kí omi tó di iyọ̀ ni wọ́n pé.»
Mo kọjá síwájú. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo gbé àwòrán kan sókè, èyí tí eku kò rí:
ilé esùsú, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta,
orí esùsú ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè òrùlé.
Mo ní: Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún sẹ́yìn...
Tiswáhìn dìde láìgba àyè.
«Ilé bàbá àgbà mi nìyẹn.»
Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Kò jókòó.
«Ilé bàbá àgbà mi ni. Èmi ni mo di okùn mú fún wọn léṣìí
nígbà tí wọ́n ń tẹ ọ̀pó rẹ̀ kọdọrọ.»

Mo ti kọ ÀTIJỌ́ gàdàgbà sójú pátákó.
Mo wò ó. Mo fi ọwọ́ nù ún,
ẹfun kún àtẹ́lẹwọ́ mi, amọ̀ kún èkejì.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọ́ni pé a mọ amọ̀,
amọ̀ ló mọ̀ wá.

Nígbà tí a jáde, a to gbogbo rẹ̀ sójú fèrèsé.
Oòrùn Chibáyíṣì kì í ṣeré: kí n tó ti ilẹ̀kùn,
ti Búdúrì ti là láàárín.
Ó padà wá, báàgì lẹ́yìn, ó dúró tì í.
«Olùkọ́, èwo nínú àwọn ẹfọ̀n ló wà níbi tó là yẹn?»
Mo rẹ ìka bọ omi, mo fi pa ojú ẹ̀là náà dé.
Ó ń wo ìka mi. Kò sọ pé ó tó.

Ike ìrẹsì ṣì wà lọ́dọ̀ mi.
Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.